Mọ́tò Tí A Sọ Lórúkọ Láìwo Ilé

Ìró rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Ọjọ́ Àìkú ni, a ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, àfi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù láti ìkòríta bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ajá aládùúgbò ń gbó, àwọn ọmọdé ti tú síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wa Mustang láti Èkó wá hàn mí l'Abẹ́òkúta. Dúdú ni mọ́tò náà, irú dúdú tí kì í dán yẹn. Wọ́n gbé ìyẹ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n so ètè mọ́ ọn níwájú, débi pé kò lè gun bọ́ǹpù tó wà níwájú ilé ìwé wa kó má fi àgbọ̀n ha ilẹ̀. Ihò sàlẹ́ńsà rẹ̀ gba ọwọ́ àgbàlagbà wọlé pẹ̀lú ìkúùkù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, wọ́n lẹ 5.0 mọ́ ọn. Lórí búùtù lẹ́yìn, GT.

Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. "Dádì kékeré, ẹ wá wúre fún mi."

Mo bu omi, mo wọ́n ọn sí i níwájú, mo wúre. Mo ní kò ní fi ko àgbákò, mo ní ẹ̀mí rẹ̀ á lò ó gbó. Ìyàwó mi ń ṣe àmín, àwọn aládùúgbò ń ṣe àmín. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè ibi tí mọ́tò náà ti wá. Òun ló sọ fúnra rẹ̀: tòkunbọ̀ ni, fọ́ọ̀sì bọ́dì (wọn ò tún un kùn rí), máìlì 38,000 péré ló ti rìn, ìyá àgbà kan ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Amẹ́ríkà. (Mo ti ń gbọ́ nípa ìyá àgbà yìí láti bí ọgbọ̀n ọdún. Òun ló ni gbogbo mọ́tò tó wà lọ́jà mọ́tò Berger. Bó ṣe wá di ẹni tó ń gbé Mustang oníyẹ̀ẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rò ó lọ́jọ́ yẹn.)

Orúkọ èèyàn ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mọ́tò àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti èbúté Èkó àti láti Kútọnu, a gbé orúkọ ọmọ fún un, bíi pé tiwa ni látilẹ̀, tó kàn lọ rìnrìn àjò. Orúkọ náà dùn ún gbọ́. Ó sàn ju Bẹ́ljíọ̀mù tí àwọn mìíràn ń pè é lọ. Àwọn tá à ń sọ lórúkọ báyìí kì í ṣe díẹ̀. Láàárín 2015 sí 2018 nìkan, bíi mílíọ̀nù 14 mọ́tò àlòkù ló jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo la wò?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọ náà pè mí. Mọ́tò ń fà sí ọ̀tún. Táyà tuntun tó rà ti jẹ tán láti inú, wáyà ti yọrí. Wọ́n ti ṣe aláímẹ́ǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta l'Ékòó, owó ló gbà, kò gbọ́. Mo ní kó gbé e wá. Bàbá kan wà lẹ́yìn ọjà wa tó ti ń tún mọ́tò ṣe láti ayé Peugeot 504. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń ríran.

Bàbá kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀kan, ó wọnú ahéré rẹ̀ lọ, ó sì mú òòfà kan jáde, òòfà róbótó tó tú láti inú sípíkà àtijọ́. Ó fi aṣọ ìnujú wé e, ó gbé e lé òrùlé mọ́tò. Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó já bọ́. Mo rí ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe yí padà.

"Èyí ò ṣẹ̀, ọmọ mi," bàbá ní. "Bọ́nẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ kì í ṣe irin, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é látilẹ̀, àti fẹ́ńdà iwájú méjèèjì. Má jẹ́ kó já ọ láyà. Ẹ̀yìn ni kí o máa wò."

Ó kọrí sí ẹ̀yìn lápá òsì, òòfà lẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀tún, lókè táyà, òòfà já bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ó sún un díẹ̀, ó tún já. Ó sún un títí tó fi dé etí iná ẹ̀yìn kó tó lẹ̀. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé ààlà ibi tí òòfà kọ̀, bí ẹni ń ya ilẹ̀. Nígbà tó parí, ibi tó yí ká fẹ̀ tó ẹní ọmọdé. Ó fi ìka kan apá òsì, ó dún gán-án gán-án. Ó kan ọ̀tún, ó dún bí ẹni kan ìbẹ́pẹ.

"Pọ́tí," bàbá ní. "Wọ́n mọ ọ́n bí ẹni mọ ìkòkò."

Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn, ó fa rọ́bà tó wà létí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ká wá wò. Lábẹ́ rọ́bà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó kùn ún kò dé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí inú ẹyin. Yẹ́lò ni wọ́n bí i.

Mọ́tò ní oríkì, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀. Nọ́ńbà ṣásì ni oríkì náà. Ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, létí gíláàsì iwájú, lọ́dọ̀ awakọ̀, ẹni tó bá dúró síta lè kà á. Láti 1981 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 17 l'Amẹ́ríkà, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Wọn kì í fi I, O tàbí Q sí i, kí ojú má baà ṣi í kà sí 1 tàbí 0. Ti mọ́tò yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1FA: Ford ló ṣe é, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣe é. Èyí tó ṣìkẹwàá jẹ́ F, ìyẹn ọdún 2015. Ìkọkànlá jẹ́ 5, ìyẹn Flat Rock ní Michigan, ibi tí wọ́n ti to irin rẹ̀ pọ̀. Ìkẹjọ ló sọ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Mustang 2015 tó bá jẹ́ 5.0 lóòótọ́, onísílíńdà mẹ́jọ, F ló máa wà níbẹ̀. H ló wà ní tiwa. Sílíńdà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.3.

Bàbá ò tiẹ̀ ka lẹ́tà kankan. Ó ká ike tó bo ẹ́ńjìnnì kúrò, ó ń fi ìka ka kọ́ìlì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó wá bojú wẹ̀yìn bí ẹni ń wá mẹ́rin tó kù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín.

Kí n sọ èyí náà kí n má baà di ẹrù lé ẹnì kan ṣoṣo lórí: àwọn tó ṣe Mustang yẹn gan-an mọ̀ pé ohùn mẹ́rin kò lè dà bí ohùn mẹ́jọ. Nínú ti 2015 onísílíńdà mẹ́rin, inú sípíkà rédíò ni wọ́n ti ń fi ohùn ẹ́ńjìnnì kún ohùn ẹ́ńjìnnì kí ara lè máa yá awakọ̀. Àmọ́ wọn ò kọ 5.0 sí i lára.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà ṣásì náà sínú fóònù rẹ̀. Kò pẹ́ tí fọ́tò jáde, bíi mẹ́wàá. Mọ́tò yẹ́lò kan wà nínú pápá gbàǹjo ní New Jersey, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí gíláàsì rẹ̀. Apá ọ̀tún ti wọlé láti ilẹ̀kùn títí dé iná ẹ̀yìn, táyà iwájú lọ́tùn-ún dojú kọ ibòmíràn. Èábáàgì méjì rọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Wọ́n ya fọ́tò kílọ́ọ̀kì pẹ̀lú: ó lé ní máìlì 87,000. Gbogbo rẹ̀ wà níta gbangba. Àṣírí kọ́.

Ohun tó ń jẹ́ kó yà mí lẹ́nu títí di òní nìyẹn. L'Amẹ́ríkà, bí mọ́tò bá fọ́ débi pé owó àtúnṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n lè tà á, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gba àfọ́kù náà, ìwé rẹ̀ á gba òǹtẹ̀ pé àfọ́kù ni, wọ́n á sì gbé e lọ sí gbàǹjo. Ẹni tó rà á níbẹ̀ mọ ohun tó rà, iye tó san sì bá ohun tó rà mu. Òkun ló fọ òǹtẹ̀ yẹn nù. Nígbà tí mọ́tò fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé tó tẹ̀ lé e ń sọ iye owó ibodè tí a san, kò sọ ìtàn. Láti 2022 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà ṣásì yìí kan náà ṣírò owó ibodè. Ìjọba ń ka oríkì mọ́tò kó lè rí owó gbà. Àwa tá a máa kó ọmọ wa sínú rẹ̀ kò kà á.

Ẹ má ṣe sọ pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń ṣe báyìí o. Àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó l'Amẹ́ríkà fojú bù ú pé mọ́tò tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún níbẹ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀kì tí wọ́n ti dá padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ láti 1972 ni òfin ti dè é. Tẹ́lẹ̀, wáyà kílọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń tú, wọ́n á sì máa yí i padà sẹ́yìn. Nísinsìnyí, láàpútọ́ọ̀pù ni, wọ́n á kì í bọ ihò tó wà lábẹ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kí èèyàn tó mu ike omi kan tán, mọ́tò ti padà di ọmọdé.

Èyí tó dá oorun mọ́ mi lójú ni ti èábáàgì. Bàbá ní kí wọ́n tú ìbòrí tó wà láàárín ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Àpò tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí. Wọ́n ká fóòmù síbẹ̀ kó má baà dún bí agolo òfìfo. Bẹ́ẹ̀ iná èábáàgì kì í tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà so nǹkan kékeré kan tí kò ju hóró ìrẹsì méjì lọ mọ́ ẹnu wáyà. Rẹ́sístọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń rán iná tín-ń-tín lọ wò ó bóyá èábáàgì wà níbẹ̀. Hóró yìí ló ń dá a lóhùn pé mo wà. Ẹ̀rọ pàápàá, wọ́n lù ú ní jìbìtì.

Bàbá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wò ó títí. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà dáadáa, wọ́n fi rọ́bà wé e, kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni. Pọ́tí, mo lè fojú fo pọ́tí. Ẹwà ni wọ́n fi ń wá owó. Àmọ́ èyí, ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹnì kan máa jókòó síbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí mọ́tò bá lu nǹkan, àpò yẹn gbọ́dọ̀ ti wú kí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyà èèyàn ló máa bá irin pàdé. Ó mọ̀, ó jókòó, ó dán an wò, iná kú, inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ yọrí, ó sì gbowó. Mo ti wúre sí mọ́tò yẹn. Mo ní kò ní fi ko àgbákò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pe ẹni tó tà á fún un níwájú wa, ó gbé fóònù síta. Mo rò pé ọkùnrin náà á sẹ́, á búra. Kò sẹ́ rárá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó ni? Tòkunbọ̀ lẹ rà, ẹ ò ra tíà rọ́bà. Ẹ ṣáà máa gbádùn mọ́tò yín." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó tún ní bí a bá mú oníbàárà wá, òun á fún wa ní nǹkan.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ta ló purọ́ gan-an? Gbàǹjo kò purọ́. Ẹni tó kó o wọ ọkọ̀ òkun, àfọ́kù ló kó. Páńẹ́ẹ̀lì bítà tẹ́ irin, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó kùn ún, wọ́n ní kó kùn ún dúdú ni. Ẹni tó lẹ 5.0, ọ̀ṣọ́ lásán ni, wọ́n ń tà á lọ́jà Ládípọ̀. Ọlọ́wọ́ kílọ́ọ̀kì àti ẹni tó jó hóró yẹn nìkan lọ́wọ́ wọn dọ̀tí tí kò ṣeé fọ̀, àwọn náà á sì sọ pé ìránṣẹ́ làwọn. Ọwọ́ mẹ́fà méje ló kọjá lára mọ́tò kan, oníkálukú bu díẹ̀ nínú irọ́ náà, kò sì sí ẹni tó gbé e wúwo débi tí yóò fi mọ̀ pé ẹrù wà lórí òun.

N kò ní sọ fún yín pé àwọn ará àtijọ́ kì í ṣe èrú. Ìyá bàbá mi máa ń pàtẹ ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà oko, á to òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lè mọ iye rẹ̀, á sì lọ sóko. Nírọ̀lẹ́, á bá owó rẹ̀ níbẹ̀. Mo rí èyí. Ṣùgbọ́n mo tún rí kóńgò tí wọ́n fi nǹkan lu ìdí rẹ̀ wọnú kí gàrí má baà gba ibẹ̀ púpọ̀. Ọjà kan náà, ọdún kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, ìyá oníkóńgò, nígbà tí àṣírí tú, kò lè pàtẹ lọ́jà wa mọ́. Ó kó lọ sí ọjà mìíràn, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì bá a débẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ nínú orúkọ yẹn, èyí tí kò dáa, nítorí wọn kò ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwádìí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn, ṣé gbèsè kò pa baba wọn. Ó máa ń le, ó máa ń jẹ aláìṣẹ̀ níyà. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa ń sọ pé ìwádìí jẹ́ ìlara. Lónìí, béèrè ibi tí owó ọmọkùnrin kan ti wá, wọ́n á ní inú rẹ ò dáa. Orúkọ ìwà èrú pàápàá ti yí padà. Jìbìtì ni mo mọ̀ ọ́n sí lọ́mọdé. Ó di "ọgbọ́n". Ó wá di "pákéèjì". Ìgbà tí a bá ti rí orúkọ dáadáa fún nǹkan, a ti gbà á wọlé nìyẹn.

Ẹ̀gbin sì kọ́ ni pé nǹkan ti fọ́ rí. Bàbá fúnra rẹ̀ ń gun mọ́tò tí wọ́n gbá láti ẹ̀yìn ní bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn; ojú rán-án rán-án rẹ̀ ṣì wà, kò kùn ún. Àfọ́kù tí wọ́n tún ṣe dáadáa, tí wọ́n sọ pé àfọ́kù ni, tí wọ́n tà ní owó àfọ́kù, ọjà gidi ni. Ọ̀pọ̀ aláìní ló ń tipa bẹ́ẹ̀ dolówó mọ́tò.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbí, nítorí ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ní 2006, mo ta Nissan mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ta èéfín búlúù. Mo da ọ́ìlì kíki kan sí i tí ẹnì kan kọ́ mi, èéfín dáwọ́ dúró, mo sì mọ̀ pé kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló rà á. Kò béèrè ohun púpọ̀; ó ní èèyàn bíi tèmi kò lè gbé òun sí kòtò. Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo rí i ní ibùdókọ̀ ní Kútọ̀, ó dúró nínú òòrùn pẹ̀lú báàgì ìwé, ó ń dúró de dánfó. Ó rí mi. Ó tẹríba, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kò sọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Èmi náà kò sọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ ta Mustang yìí, mo ti mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. "Dádì kékeré, bí mo bá sọ gbogbo ẹ̀, ta ló máa rà á?" N kò lè sọ fún un pé wọ́n á rà á. Mo sọ ti olùkọ́ yẹn fún un. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi.

Ó lọ wá èábáàgì rà, bàbá sì so ó, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Ó yọ 5.0 àti GT kúrò, ojú àtè wọn ṣì hàn lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga ní pálọ̀ mi, ó kọ ọ́ sí pépà pélébé kan: New Jersey, ó ti fọ́ lápá ọ̀tún, máìlì tó lé ní 87,000 nígbà tó wà ní gbàǹjo, sílíńdà mẹ́rin, yẹ́lò ni tẹ́lẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà ṣásì sísàlẹ̀, mẹ́tàdínlógún pé, ó lẹ pépà náà mọ́ gíláàsì láti inú.

Oṣù mẹ́rin rèé tó ti wà nínú ọgbà mi. Iye tó ń béèrè kò tó ìdajì iye tó rà á. Èèyàn mẹ́ta ti wá. Méjì kà á, wọ́n lọ. Ẹnì kẹta ní òun á rà á bí a bá lè bá òun ya pépà náà kúrò. Ọmọ náà wò mí. Mo lọ ṣí géètì fún ọkùnrin náà kó lè máa lọ.